Nígbà Tí Òru Di Ọ̀sán ní Apápá àti Ajégúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró lórí afárá Ìjọ́rà ní òru ọ̀gànjọ́, tí ó sì kọjú sí ìhà Apápá, yóò rí i pé ojú ọ̀run ibẹ̀ kì í ṣú tán bí ojú ọ̀run oko ti í ṣú. Nítorí pé láti orí àwọn òpó gíga gíga tí ó wà ní èbúté ni iná funfun ti ń tàn yòò sórí àwọn kọntẹ́nà tí wọ́n tò léra wọn, sórí àwọn kúréènì tí ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ òkun bọ́ sí orí tírélà, àti sórí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dé akoto, tí wọn kò mọ̀ bóyá àkùkọ ti kọ tàbí kò tíì kọ, nítorí pé ariwo ẹ̀rọ ti bo ohùn àkùkọ mọ́lẹ̀. Bí ẹni náà bá sì rìn síwájú, tí ó dé Boundary níbi tí Apápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, iná mìíràn ni yóò bá níbẹ̀: iná gílóòbù láti ojú fèrèsé yàrá kọ̀ọ̀kan, iná àwọn alátíì àti àwọn oníbúrẹ́dì ẹ̀bá títì, iná fóònù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, arómisá lẹ́gbẹlẹ́gbẹ, ìlú tí gbogbo ayé ń pè ní ìlú tí kì í sùn. Ibi tí mo ń wí yìí gan-an ni ojúkò àìsùn rẹ̀.

Ọdún 1896 ni àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tan iná mànàmáná ní Èkó, nígbà tí ó sì di 1923 ni wọ́n ṣí ilé amúnáwá Ìjọ́rà tí ń jó èédú, ní ìtòsí Apápá yìí kan náà. Kí ó tó di ìgbà náà, fìtílà elépo, àtùpà oníkẹrosíìnì, iná igi àti oṣùpá ni àwọn baba wa fi ń ríran lóru, bí iṣẹ́ alẹ́ kò bá sì pọndandan, wọn a sùn. Láti ìgbà náà wá, nínú àwọn àjọ ìjọba tí ń pín iná, ECN jẹ, NEPA gba ipò rẹ̀, PHCN gba ti NEPA, títí ó fi di ọdún 2013 tí ìjọba pín iṣẹ́ náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, tí Apápá àti Ajégúnlẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ Eko Electricity Distribution Company. Orúkọ ń yí padà, ẹkún wa kò yí padà: ẹkún àìríná ni. Nítorí èyí, bí ẹnìkan bá dìde láàárín wa lónìí tí ó ní iná alẹ́ ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù, a kì í sì í kìlọ̀ àjẹkì fún ẹni tí kò tíì rí oúnjẹ jẹ.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń ríran nìkan. Òun ni ọpọlọ ènìyàn fi ń ka aago. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń lé oorun lójú awakúréènì ní èbúté, kí ó má baà ju ẹrù lu ènìyàn mọ́lẹ̀, òun kan náà ni ó ń lé oorun lójú ọmọ ilé-ìwé tí ó dùbúlẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀, nítorí pé ọpọlọ kò ní ọ̀nà tí ó fi lè mọ èyí tí a fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a kò fẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ohun náà ti ń ṣiṣẹ́ ni ó lè lò ó fún àǹfààní ara rẹ̀.

Kò sí ọmọ tí ó dàgbà ní ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá tí kò fi ọwọ́ kan ewé patanmọ́ rí, tí kò sì dúró wo bí ó ti ń pa ewé rẹ̀ pọ̀ bí ìyàwó tuntun tí ojú ń tì. Ewéko tí ó jẹ́ ẹ̀yà patanmọ́ yìí ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, ń wò ní ọdún 1729, tí ó ṣàkíyèsí pé ó ń la ewé rẹ̀ ní ọ̀sán, ó sì ń pa á dé ní alẹ́. Ó rò ó pé oòrùn ni ó ń fà á, ó wá gbé e wọ inú òkùnkùn biribiri láti wò ó bóyá yóò ṣíwọ́. Ewéko náà kò ṣíwọ́: bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ní òde ni ó ń la ewé nínú òkùnkùn. Ó hàn gbangba pé aago kan wà nínú rẹ̀ tí kò dúró de oòrùn kí ó tó mọ ìgbà. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn èyí kí ayé tó mọ ohun tí a fi ń ṣe aago náà. Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017 nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ nínú ara eṣinṣin èso.

Ènìyàn pẹ̀lú ní aago tirẹ̀. Ibi tí ó wà nínú ọpọlọ kò jìnnà sí ẹ̀yìn imú, ní òkè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé. Ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké méjì ni, tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú wọn tó nǹkan bí 20,000. Charles Czeisler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard wọn bí aago yìí ti ń sáré ní ọdún 1999, wọ́n sì rí i pé ó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ìyẹn ni pé bí a bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, lójoojúmọ́ ni yóò máa pẹ́ sí i, títí ọ̀sán rẹ̀ yóò fi di òru ayé. Ohun tí ó ń dá a padà sí ipò ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ojú wọlé. Fún àwa tí a wà ní ilẹ̀ yìí, tí gígùn ọ̀sán àti gígùn òru kì í fi wákàtí kan yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, iṣẹ́ náà kò yẹ kí ó nira rárá: oòrùn Èkó máa ń yọ láàárín aago mẹ́fà àbọ̀ sí méje, ó sì máa ń wọ̀ láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí méje kọjá díẹ̀, bóyá òjò ni o, bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ aago yìí ni ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù. Ó pẹ́ tí a ti rò pé sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ríran ni ó ń ròyìn fún aago náà, títí di ọdún 2002 tí David Berson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Brown fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tún wà ní awọ ẹ̀yìn ẹyinjú, tí kì í ṣe àwòrán ni wọ́n ń yà bí kò ṣe pé wọ́n ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó, wọ́n sì fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, àwọ̀ ojú ọ̀run ọ̀sán, ju èyíkéyìí lọ. Kódà, ní ọdún 1995, wọ́n ti rí àwọn afọ́jú kan tí wọn kò rí ohunkóhun rárá, síbẹ̀ tí iná tí a tàn sí wọn lójú lóru ń yí ohun tí ń lọ nínú ara wọn padà. Ojú wọn ti fọ́ fún ìríran, kò fọ́ fún aago.

Ohun tí ó ń yí padà nínú ara wọn náà ni melatonin. Ẹṣẹ́ kan tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ ní àárín ọpọlọ ni ó ń tú u jáde. Aaron Lerner ti Yunifásítì Yale ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́tọ̀ ní ọdún 1958, láti inú ẹṣẹ́ màlúù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, aago inú ọpọlọ a pàṣẹ fún ẹṣẹ́ yìí, melatonin a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ara a máa tutù, ìrísí ojú a rọ̀, oorun a sì sún mọ́ tòsí. Kì í ṣe òògùn oorun ni melatonin. Ohun tí ó ń sọ fún ẹ̀dọ̀, fún ìfun, fún ọkàn àti fún ọpọlọ ni pé alẹ́ ti lẹ́, kí olúkúlùkù bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀. Alfred Lewy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi hàn ní ọdún 1980 pé bí a bá tan iná tí ó mọ́lẹ̀ gidigidi sí ènìyàn lójú láàárín òru, melatonin a lọ sílẹ̀ wàràwàrà, bí ẹni pé ilẹ̀ ti mọ́.

Nígbà náà, mélòó ni ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ jù? Lux ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí nǹkan. Àbẹ́là kan tí a gbé sí ìwọ̀n mítà kan sí ojú jẹ́ lux 1. Òṣùpá àrànmọ́jú, tí àwọn ọmọdé ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti gbọ́ àlọ́, kò tó lux 1. Oòrùn ọ̀sán gangan tó lux 100,000, bí kùrukùru tilẹ̀ bo ojú ọ̀run, ìta gbangba ṣì ń fún wa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lux. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé fìtílà àti oṣùpá tí àwọn baba wa lò kò lè tan aago inú orí wọn jẹ. Pupa ni iná fìtílà pẹ̀lú, pupa sì ni àwọ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí mo wí yẹn kì í fẹ́ẹ́ kà sí. Ṣùgbọ́n gílóòbù LED funfun tí wọ́n ń tà kiri ní ọjà Boundary, bí a bá fi í sí yàrá kan ṣoṣo tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá lọ, tí ògiri rẹ̀ sì funfun, lè fi lux 50 sí 100 sí ojú ẹni tí ó jókòó sórí ibùsùn. Jamie Zeitzer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní ọdún 2000 pé nǹkan bí lux 100 lóru ti tó láti ṣe ìdajì gbogbo ohun tí iná tí ó mọ́lẹ̀ jù lọ lè ṣe. Ní ọdún 2011 sì ni Joshua Gooley fi iná yàrá lásán, èyí tí kò tó lux 200, dán àwọn ènìyàn 116 wò, ó sì rí i pé wákàtí tí melatonin fi ń ṣiṣẹ́ lára wọn fi nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ dín kù sí ti ẹni tí ó jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì. Ìka kò dọ́gba, òótọ́ ni. Àwọn ará Ọsirélíà kan fi hàn ní 2019 pé ẹnìkan wà tí ara rẹ̀ tètè ń gbọ́ ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po àádọ́ta. Ti àwọn ọmọdé ni kí a fi sọ́kàn jù, nítorí ẹyinjú wọn mọ́, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń wọlé sí wọn ju ti àgbàlagbà lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí a wọ inú ilé kan ní Ajégúnlẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní face-me-I-face-you, tí yàrá ń wo yàrá, tí ọ̀nà kan ṣoṣo sì la àárín wọn. Iná lọ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́. Baálé ilé kò pa súwìṣì. Kò sí ẹni tí ń pa á nínú ilé náà, nítorí gílóòbù ni a fi ń mọ̀ bí iná bá dé, ẹni tí kò bá sì mọ̀ nígbà tí iná dé, fóònù rẹ̀ yóò kú, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yóò kú, aṣọ iléèwé ọmọ rẹ̀ yóò sì lọ láìlọ̀. Ìyá àti bàbá wà lórí ibùsùn, àwọn ọmọ mẹ́ta wà lórí ẹní nísàlẹ̀, ooru mú. Ní aago méjì òru, gílóòbù là gbà! Láti yàrá dé yàrá ni ẹ ó ti gbọ́ "Up NEPA!", ohùn ọmọdé ni ó sì sábà máa ń ṣáájú. Ìyá dìde, ó ki irin ìlọṣọ bọ ojú iná, ó ń lọ aṣọ. Bàbá ń wá ibi tí yóò ki fóònù bọ̀. Ẹ̀rọ fífa omi ládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Fáànù ń yí, àwọn ọmọ yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ojú. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin àbọ̀, ìyá tún jí wọn, nítorí bí wọn kò bá tètè jáde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Mobil yóò gbá wọn mú.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Ìpéǹpéjú ẹni tí kò jí dí púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ti ẹni tí ó la ojú kò dí nǹkankan. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bá ènìyàn kí ara rẹ̀ tó tutù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí aago mẹ́rin sí márùn-ún ìdájí, ń ti aago rẹ̀ sẹ́yìn: ọpọlọ gbà pé ìrọ̀lẹ́ ni ó ṣì ń lọ, ó sì sún alẹ́ ọ̀la síwájú. Bí alẹ́ ọ̀la bá sì dé, oorun kò ní tètè wá, àmọ́ aago mẹ́rin àbọ̀ kò ní sún. Bí èyí bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà yóò máa fi àárọ̀ sùn nínú kíláàsì, tíṣà yóò sì pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn àgbà ní àkùkọ gàgàrà kọ, ọ̀lẹ pòṣé; ṣùgbọ́n mo rò pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń pòṣé ní Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, iná aago méjì ni ó ń dà wọ́n láàmú. Àwọn tí wọ́n wà ní Band A, ìpele owó iná tí a ṣèlérí iná wákàtí ogún fún lójúmọ́, bọ́ lọ́wọ́ ìjí-lójijì yìí díẹ̀, bí wọ́n bá lè san owó rẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ní tèmi o. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2015, Anne-Marie Chang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston fi ènìyàn méjìlá sí yàrá, wọ́n ní kí wọ́n fi wákàtí mẹ́rin ka ìwé lórí pátákó oníná kí wọ́n tó sùn ní alẹ́ márùn-ún, lẹ́yìn náà kí wọ́n ka ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà. Àwọn tí wọ́n ka ti oníná fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ kí oorun tó gbé wọn lọ, wọn kò sì dá ṣáṣá ní òwúrọ̀ bí ti àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, lórí pátákó tí ó tóbi ju fóònù lọ! Iná fóònù kékeré kò tó ti gílóòbù òkè àjà. Ohun tí fóònù fi ń gba oorun lójú ọ̀dọ́ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀: bọ́ọ̀lù, tẹ́tẹ́, àwàdà, ìjà orí Facebook, tí kò jẹ́ kí ọkàn wálẹ̀. Ẹni tí ó bá fi fóònù sílẹ̀ tí ó jókòó sábẹ́ gílóòbù funfun títí di ọ̀gànjọ́ kò tíì ṣe ohunkóhun.

Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ òru ní ojúrere tirẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí i, kí ó lọ sí ẹnubodè Tin Can, èbúté tí ìjọba ṣí ní ọdún 1977 nígbà tí ọkọ̀ òkun kún Apápá àkúnwọ́sílẹ̀. Ọkọ̀ òkun kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́; bí ó bá ti fara ti èbúté, owó ni ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ó fi dúró. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí ní ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun, ní ibi ìfọ́ṣúgà àti ní àwọn ibùdó epo tí ó yí èbúté ká. Láàárín aago méjì sí mẹ́fà ìdájí ni ọpọlọ ènìyàn máa ń rẹlẹ̀ jù: ara tutù, ojú ń wúwo, ọwọ́ ń lọ́ra, ohun tí ó yẹ kí a rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń gba méjì. Ìmọ́lẹ̀ gidi ní wákàtí wọ̀nyẹn kì í kàn jẹ́ kí a rí ẹrù nìkan. Ó ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ tààrà pé kí ó jí, ó ń dín òòyì oorun kù, ó sì ń mú kí ọwọ́ yá. Àwọn tí ń ṣètò èbúté tí wọ́n gbé iná ńlá sórí òpó kò ṣìṣe. Ìtàn ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé kún fún ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lóru: aago mẹ́rin ìdájí ni ìjàǹbá Three Mile Island bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1979, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún òru ni ti Chernobyl ní 1986, ọ̀gànjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni ọkọ̀ epo Exxon Valdez gun òkúta ní Alaska ní 1989. Ohun tí ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, oorun òru kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín onímọ̀ ẹ̀rọ àti alágbàṣe.

Awakọ̀ tírélà ni ó ká mi lára jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń tò sójú ọ̀nà láti Mile 2 gba Coconut dé Tin Can, tí ẹlòmíràn fi ọjọ́ púpọ̀ gbé inú ọkọ̀, tí ọmọ mọ́tò sì ń tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ láti sùn, kí ó tó di oṣù kejì ọdún 2021 tí àwọn aláṣẹ èbúté gbé ètò ìpè-ọkọ̀ orí ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Ètò jáde, pé kí ọkọ̀ dúró sí ibùdó títí a ó fi pè é. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìpè lè bọ́ sí òru, iná ọkọ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn sì ń bá awakọ̀ lójú ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ rẹjú. Ẹni tí ó ti jí láti aago márùn-ún ìdájí, tí ó ṣì wà nídìí ọkọ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ti fi wákàtí mẹ́tàdínlógún wà láìsùn. Drew Dawson àti Kathryn Reid, ní Ọsirélíà, fi hàn ní ọdún 1997 pé ní ìwọ̀n yẹn, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti ń ṣe bí ti ẹni tí ó mutí dé ibi tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti í mú awakọ̀. Oorun kan tilẹ̀ wà tí kì í di ojú: ọpọlọ a kàn sùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mẹ́rin, ojú a ṣì là sílẹ̀. Tírélà tí ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti rin nǹkan bí mítà 67 kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin náà tó pé, láìsí ẹni tí ń wà á.

Ohun tí àwọn awakọ̀ fi ń gbógun ti oorun ni obì, kọfí, àti ọtí páragà tí àwọn obìnrin ń gbé kiri ní ibùdókọ̀. Páragà kò lé oorun. Ó ń ti ènìyàn sínú rẹ̀ ni. Obì gbànja ní kaféènì, ó ń dí ẹnu ọ̀nà tí àárẹ̀ gbà ń wọ ọpọlọ, kò sì burú bí a bá jẹ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òru. Àmọ́ kaféènì kì í kúrò lára kíákíá, nǹkan bí wákàtí márùn-ún ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ, nítorí náà ẹni tí ó jẹ obì ní aago mẹ́rin ìdájí, tí ó fẹ́ sùn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oorun tí yóò sùn.

Èyí ni ìyọnu òṣìṣẹ́ òru. Ó fi ìmọ́lẹ̀ èbúté jí títí ilẹ̀ fi mọ́, ó wọ ọkọ̀ relé, oòrùn àárọ̀ gbà á lójú, aago rẹ̀ sì tún gbọ́ pé ọjọ́ tuntun ni. Ó dé yàrá tí kọ́tínnì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn ọmọ ń ṣeré ní ẹnu ọ̀nà, ó sùn wákàtí mẹ́rin ó jí, kò sì tó o. Àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún àjọ ìlera àgbáyé ti kọ ọ́ ní ọdún 2007, wọ́n sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2019, pé iṣẹ́ òru tí ń da aago ara rú wà lára àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ya ara rẹ̀ lẹ́rù: iṣẹ́ òru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe gílóòbù kan tí ó tàn ní alẹ́ kan.

Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru, kí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bá a dáadáa ní ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́, kí ó wá ibi tí iná kò ti pọ̀ jù bí ilẹ̀ bá ń fẹ́ mọ́, kí ó wọ awòójú dúdú bí ó bá ń relé, bí kò bá jẹ́ òun ni ó ń wa ọkọ̀, kí ó sì fi aṣọ tí ó nípọn dí fèrèsé. Ẹni tí ń fi òru sùn, kí ó lọ gba oòrùn òwúrọ̀ ní ìta fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ kí ó tó wọ inú ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù, kí ó máa lo gílóòbù pupa tàbí èyí tí kò mọ́lẹ̀ jù lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, kí ó sì pa súwìṣì gílóòbù kí ó tó sùn. Fóònù tí a ti ki bọ ojú iná kò nílò gílóòbù kí ó tó gba agbára. Bí iná bá dé ní aago méjì, òun ni yóò jẹ ẹ́ láìjí ẹnikẹ́ni. Ti aṣọ lílọ̀, kí a lọ ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ ní ọjọ́ tí iná bá dé lọ́sàn-án.

Gbogbo èyí rọrùn ní Apápá GRA, níbi tí kọ́tínnì ti nípọn, tí yàrá ọmọ sì yàtọ̀ sí ti òbí. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì Boundary. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ń gbé iná ọlọ́dẹ funfun kọ́ sí ara ògiri, ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ àti ẹnu géètì, ẹ má dojú rẹ̀ kọ fèrèsé ayálégbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò iná títì, ẹ fi ìbòrí sí i kí ó má baà bọ́ sínú yàrá. Ẹ̀yin ọ̀gá èbúté, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti onítírélà, ẹ fi ọkọ̀ gbé òṣìṣẹ́ òru yín relé ní ìdájí, ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan náà máa ṣe òru lónìí kí ó ṣe ọ̀sán lọ́la, ẹ sì kọ́ yàrá tí ó ṣókùnkùn tí ó sì dákẹ́ sí gbogbo ibùdó tí tírélà ti ń dúró de ìpè, kí awakọ̀ lè sùn níbẹ̀ kí ó tó gbé kọntẹ́nà jáde sójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa ń gbà lọ sí iléèwé.